Andrew Foster

Andrew Jackson Foster (ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 1925 – ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1987) jẹ́ olùkọ́ àti míṣọ́nárì ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Adití ni òun fúnra rẹ̀. Òun ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó gboyè B.A. ní Gallaudet College, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití tí ó wà ní ìlú Washington, D.C. Ní ọdún 1957, ó dá ilé-ẹ̀kọ́ adití àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Gánà. Ní ọdún 1960, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn, Enugu àti Kaduna. Nígbà tí yóò fi kú, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó dá sílẹ̀ ti lé ní 30, ní orílẹ̀-èdè 13. Nítorí iṣẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pè é ní bàbá ẹ̀kọ́ àwọn adití ní Áfíríkà.

Ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ fi hàn ni pé kì í ṣe etí ọmọ ni ó ń dí i lọ́wọ́ láti kàwé, bí kò ṣe ọ̀nà tí ilé-ẹ̀kọ́ ń gbà kọ́ni. Bí olùkọ́ bá ń fi ẹnu nìkan ṣàlàyé, adití kò ní rí nǹkan kan mú lọ sílé. Bí olùkọ́ bá gbé ẹ̀kọ́ náà wá síwájú ojú ọmọ, adití yóò kà, yóò kọ, yóò sì lè di olùkọ́.

## Ìbí àti ìgbà èwe

Wọ́n bí Foster ní Ensley, àdúgbò kan ní ìlú Birmingham, ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní gúúsù Amẹ́ríkà. Awakùsà èédú ni bàbá rẹ̀. Ní àkókò náà, òfin ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà wà ní Alabama: ilé-ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ funfun dá dúró, ti àwọn aláwọ̀ dúdú náà dá dúró, owó tí ìjọba sì ń ná lórí ti àwọn aláwọ̀ dúdú kéré púpọ̀ sí èyí tí ó ń ná lórí ti àwọn aláwọ̀ funfun.

Ní ọdún 1936, nígbà tí Foster jẹ́ ọmọ ọdún 11, àrùn yírùnyírùn kọlu òun àti arákùnrin rẹ̀ kan. Àrùn yìí máa ń mú awọ tí ó bo ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn, bí kò bá sì pa ẹni tí ó mú, ó lè gba agbára ìgbọ́ràn lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ méjèèjì yè é, ṣùgbọ́n etí wọn di. Foster kò gbọ́ràn mọ́ títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Ọdún tí àrùn náà mú un ṣe pàtàkì nínú ìtàn rẹ̀. Ó ti gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó ti ń sọ ọ́, ó sì ti ń kà á kí etí rẹ̀ tó di. Ọmọ tí a bí ní adití kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Bí àwọn òbí rẹ̀ kò bá mọ èdè afọwọ́sọ, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè dàgbà láìní èdè kankan tí ó jinlẹ̀. Irú àwọn ọmọ báyìí ni Foster padà wá lo ayé rẹ̀ fún.

## Ìwé kíkà rẹ̀

Ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba Alabama yà sọ́tọ̀ fún àwọn adití àti afọ́jú aláwọ̀ dúdú, ní ìlú Talladega, ni wọ́n mú Foster lọ. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ èdè afọwọ́sọ, èyí tí àwọn ènìyàn tún máa ń pè ní èdè àwọn adití. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fún ọmọ adití aláwọ̀ dúdú níbẹ̀ kò kọjá kíláàsì kẹfà. Ìdènà méjì ni ó dojú kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà: ti etí àti ti àwọ̀ ara.

Nígbà tí ó ń súnmọ́ ọmọ ogún ọdún, ó kúrò ní gúúsù, ó lọ bá ìbátan rẹ̀ kan ní ìlú Flint, ní ìpínlẹ̀ Michigan. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Detroit. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, ó sì ń kàwé lálẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìlú Chicago tí ń fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni ó ti gba ìwé-ẹ̀rí girama. Inú ìwé títẹ̀ ni gbogbo ẹ̀kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ yìí wà, nítorí náà kò béèrè pé kí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ ohùn olùkọ́. Detroit yìí náà ni ó ti pinnu láti di míṣọ́nárì.

Gallaudet College, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1864, ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó wù ú láti lọ. Ó kọ̀wé sí wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọn kò sì gbà á nítorí pé ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ní ọdún 1951 ni wọ́n tó gbà á, ó sì gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní ọdún 1954, ọdún kan náà tí ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba lòdì sí òfin. Kò dúró níbẹ̀. Ní ọdún 1955, ó gba oyè kejì nínú ẹ̀kọ́ àwọn tí ó ní ìpèníjà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí a mọ̀ sí Eastern Michigan University lónìí. Ní ọdún 1956, ó tún gboyè nínú iṣẹ́ míṣọ́nárì ní Seattle, ní ìpínlẹ̀ Washington.

Ní ọdún 1956 yìí kan náà ni ó dá àjọ kan sílẹ̀ ní Detroit láti máa ṣe iṣẹ́ ìhìnrere àti iṣẹ́ ẹ̀kọ́ láàrin àwọn adití ní Áfíríkà. Àjọ náà ni a mọ̀ sí Christian Mission for the Deaf lẹ́yìn náà. Ẹ̀bùn àwọn ìjọ àti àwọn ènìyàn kọ̀ọ̀kan ni ó ń gbọ́ bùkátà rẹ̀.

## Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ àwọn adití ṣe rí nígbà náà

Kí iṣẹ́ Foster tó lè yéni, ó yẹ kí a mọ àríyànjiyàn tí ó wà lórí ẹ̀kọ́ àwọn adití nígbà ayé rẹ̀. Ní ọdún 1880, àwọn olùkọ́ adití láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pàdé ní ìlú Milan, ní Ítálì. Àwọn tí ó gbọ́ràn ni ó pọ̀ jù lọ nínú wọn. Wọ́n fi ìbò pinnu pé kí a má ṣe fi ọwọ́ kọ́ adití mọ́. Kí adití máa wo ètè olùkọ́, kí ó sì máa gbìyànjú láti fi ẹnu sọ̀rọ̀. Ìpinnu yìí tàn ká Yúróòpù, ó sì dé ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà. Àwọn olùkọ́ tí ó jẹ́ adití pàdánù iṣẹ́ wọn ní ibi púpọ̀.

Wíwo ètè ní ìṣòro tí kò ṣeé fi pamọ́. Ọ̀pọ̀ ìró èdè ni kò hàn ní ètè rárá. Nínú èdè Yorùbá fún àpẹẹrẹ, ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni a fi ń mọ ìyàtọ̀ láàrin ọkọ́, ọkọ àti ọkọ̀, ṣùgbọ́n ètè kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Ẹni tí ó ń wo ètè nìkan kò lè mọ èyí tí olùsọ̀rọ̀ ń sọ, àfi bí ó bá ti mọ ohun tí wọ́n ń sọ bọ̀. Ọmọ tí ó ti gbọ́ èdè rí lè méfò. Ọmọ tí kò gbọ́ èdè rí kò ní ohun tí yóò fi méfò.

Gallaudet wà lára ibi díẹ̀ tí èdè afọwọ́sọ kò ti parẹ́. Ọdún 1960 ni William Stokoe, tí ó jẹ́ olùkọ́ níbẹ̀, tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde, tí ó fi hàn pé èdè afọwọ́sọ Amẹ́ríkà jẹ́ èdè gidi, tí ó ní ẹ̀yà àti ìlànà tirẹ̀ bí èdè ẹnu ṣe ní. Nígbà tí ìwádìí yìí jáde, ó ti pé ọdún mẹ́ta tí Foster ti ń fi èdè náà kọ́ni ní Áfíríkà.

Lédè Yorùbá, adití ni ẹni tí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn, odi sì ni ẹni tí kì í sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ni àwọn ènìyàn sábà máa ń pe ẹnì kan náà. Ṣùgbọ́n ọ̀fun ọ̀pọ̀ adití kò ní àléébù kankan. Wọn kò sọ̀rọ̀ nítorí pé wọn kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fara wé. Ìyàtọ̀ yìí ni àwọn tí ó rò pé adití kò lè kọ́ ìwé kò rí.

## Ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ní Gánà

Foster dé ìlú Accra ní ọdún 1957, ọdún tí Gánà gba òmìnira. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ adití kankan ní orílẹ̀-èdè náà. Nígbà tí ó ń béèrè ibi tí àwọn ọmọ adití wà, àwọn kan sọ fún un pé irú wọn kò sí. Àwọn òbí kan ń fi wọ́n pamọ́ sínú ilé nítorí ìtìjú, àwọn mìíràn sì gbà pé ègún tàbí ìjìyà ni. Ẹni tí a kò rí ní ìgboro kò sì sí nínú ìṣirò ìjọba.

Foster rìn káàkiri, ó ń wá àwọn adití rí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1957 yìí ni ó ṣí ilé-ẹ̀kọ́ náà ní Accra, nínú kíláàsì tí wọ́n yá a ní ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn. Lẹ́yìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ bá ti parí ẹ̀kọ́ ọjọ́ wọn ni àwọn adití máa ń wọlé. Àwọn ọmọdé wà lára wọn, àwọn àgbàlagbà tí kò fọwọ́ kan ìwé rí náà sì wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí i, ilé-ẹ̀kọ́ náà kó lọ sí Mampong-Akuapem, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lè máa gbé inú ọgbà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ìjọba Gánà gba ilé-ẹ̀kọ́ náà sọ́wọ́.

Àwọn ọmọ tí ó gbé inú ọgbà náà jèrè ju ẹ̀kọ́ kíláàsì lọ. Èdè kì í dàgbà nínú ẹnì kan ṣoṣo. Ọmọ adití tí ó dá wà ní abúlé rẹ̀ lè ní àmì ọwọ́ díẹ̀ tí òun àti ìyá rẹ̀ jọ ń lò fún oúnjẹ, omi àti oorun. Nígbà tí ó bá bá adití mìíràn gbé pọ̀, tí wọ́n jọ ń ṣeré, tí wọ́n jọ ń jà, tí wọ́n sì jọ ń parí ìjà, ni èdè rẹ̀ yóò tó gbòòrò dé ibi tí ó ti lè sọ ìtàn, béèrè ìdí ọ̀rọ̀, kí ó sì sọ ohun tí ó rò.

## Iṣẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kínní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ìlú ńlá àti ní ìlú kéékèèké, bí Èjìgbò, Másífà àti àwọn ìlú tí ó yí wọn ká, ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ oníṣòwò lè wọ ilé-ẹ̀kọ́ láìsan owó. Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́ ni ó ń dí ọmọ lọ́wọ́ láti kàwé. Ọmọ adití tí ó bá jókòó sí kíláàsì tí olùkọ́ ti ń fi ẹnu ka a, b, d kò ní mọ ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dáhùn sí. Ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ ti ṣí fún un, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní ọdún 1960, ọdún òmìnira Nàìjíríà, Foster dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ó tún dá ti Enugu sílẹ̀ ní ìlà oòrùn àti ti Kaduna ní àríwá, tí ó fi jẹ́ pé ẹkùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Nàìjíríà ní nígbà náà ni ó ní ọ̀kan. Ìbàdàn ni ó fi ṣe ibùdó pàtàkì fún iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Níbẹ̀ ni àwọn olùkọ́ láti orílẹ̀-èdè mìíràn ti máa ń wá gba ẹ̀kọ́.

Ní ọdún 1961, Foster fẹ́ Berta Zuther ní Nàìjíríà. Ọmọ Jámánì ni Berta, adití sì ni òun náà. Wọ́n pàdé ní ọdún 1959 ní ìpàdé àgbáyé àwọn adití tí ó wáyé ní ìlú Wiesbaden, ní Jámánì. Berta bá a ṣe iṣẹ́ náà, ó sì ń tọ́jú ilé nígbà tí ọkọ rẹ̀ bá wà lẹ́nu ìrìn-àjò. Ní ọdọọdún, Foster máa ń lo apá kan nínú ọdún ní Áfíríkà, yóò sì lo ìyókù ní Amẹ́ríkà, níbi tí ó ti ń wá owó àti ìwé fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀.

## Ọ̀nà ìkọ́ni rẹ̀

Ọ̀nà tí Foster gbà ṣètò ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí èyí tí ìpàdé Milan fọwọ́ sí. Àwọn kókó inú rẹ̀ nìwọ̀nyí:

* Èdè tí ojú lè rí ni ó ṣáájú. Èdè afọwọ́sọ Amẹ́ríkà ni ó fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òun ni ó mọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í dúró di ìgbà tí ó bá lè fi ẹnu sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó kọ́ ọ ní ohun tí ó wà nínú ìwé.
* Ohun kan náà ń gba ọ̀nà púpọ̀ wọlé. Olùkọ́ lè fi ọwọ́ sọ ọ̀rọ̀ kan, kí ó fi ìka to àwọn lẹ́tà rẹ̀, kí ó kọ ọ́ sí ojú pátákó, kí ó sì fi àwòrán tàbí nǹkan náà gan-an hàn. Ẹni tí ó ṣẹ́ kù díẹ̀ fún láti gbọ́ràn lè fi ètè àti ohùn kún un. Ẹni tí ọ̀nà kan kò yé yóò rí òmíràn gbà.
* Adití ń kọ́ adití. Foster gba àwọn adití síṣẹ́ olùkọ́. Olùkọ́ adití mọ ibi tí ẹ̀kọ́ ti máa ń le fún akẹ́kọ̀ọ́, ó sì tún jẹ́ àpẹẹrẹ fún un. Ọmọ tí kò rí adití àgbà kan rí tí ó níṣẹ́ lọ́wọ́ kò lè mọ ohun tí òun náà lè dà.
* Ọmọdé àti àgbà ni ẹ̀kọ́ wà fún. Nítorí pé àwọn àgbàlagbà kò rí ilé-ẹ̀kọ́ lọ nígbà èwe wọn, kò lé wọn padà. Iṣẹ́ ọwọ́ wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́, kí wọ́n lè rí oúnjẹ òòjọ́ wọn.
* Kí iṣẹ́ má dúró lé ẹnì kan lórí. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ kan bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, àwọn ọmọ ìlú ni ó ń darí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ìjọba gbà sọ́wọ́ nígbà tó yá.

## Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ń sọ Faransé

Láti àárín àwọn ọdún 1970, Foster mú iṣẹ́ rẹ̀ wọ àwọn orílẹ̀-èdè tí Faransé jẹ́ èdè ìjọba wọn. Côte d'Ivoire, Tógò, Benin, Cameroon, Chad àti orílẹ̀-èdè tí a mọ̀ sí Zaire nígbà náà wà lára wọn. Ìṣòro tuntun dojú kọ ọ́ níbẹ̀. Èdè afọwọ́sọ tí ó mọ̀ wá láti Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n Faransé ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò kà tí yóò sì kọ. Ó wá tún ìlànà rẹ̀ ṣe: ó so àwọn àmì ọwọ́ tí ó ti ń lò mọ́ ọ̀rọ̀ Faransé, kò sì lọ mú èdè afọwọ́sọ ti ilẹ̀ Faransé. Ó ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn olùkọ́ láti orílẹ̀-èdè wọ̀nyí, àwọn adití pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì ń padà lọ ṣí kíláàsì ní ìlú wọn.

Nítorí èyí, àwọn adití tí ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí jọ ní ọ̀pọ̀ àmì ọwọ́ láìka ààlà sí. A lè rí bí èyí ti jinlẹ̀ tó bí a bá wo àwọn ọmọ Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀, tí wọ́n ti ń lọ gbé ní Abidjan láti ìgbà pípẹ́. Ọmọ tí ó gbọ́ràn, tí ó kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Ọ̀ṣun lọ sí Abidjan, ní láti kọ́ Faransé kí ó tó lè bá olùkọ́ sọ̀rọ̀. Adití tí ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn lè bá adití Abidjan fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá pàdé, nítorí pé orísun kan náà ni àmì ọwọ́ wọn ti wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń kọ sílẹ̀ yàtọ̀.

Onímọ̀ ọmọ Japan kan, Nobutaka Kamei, tí ó ti ṣe ìwádìí púpọ̀ lórí ìtàn àwọn adití Áfíríkà, ti fi hàn pé àwọn adití ní orílẹ̀-èdè wọ̀nyí kò gba èdè náà bí ó ti wà. Wọ́n fi àmì tiwọn kún un, wọ́n sì yí àwọn mìíràn padà, títí tí ó fi di èdè afọwọ́sọ Áfíríkà tí ó ní ìrísí tirẹ̀.

## Ìgbéyẹ̀wò iṣẹ́ rẹ̀

Ọ̀nà kan tí a lè fi wọn iṣẹ́ Foster ni ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ dà. Ọ̀pọ̀ wọn di olùkọ́, àwọn kan di olórí ilé-ẹ̀kọ́ tàbí olórí ẹgbẹ́ àwọn adití ní orílẹ̀-èdè wọn, àwọn mìíràn sì lọ kàwé sí i ní Gallaudet, níbi tí wọn kò ti kọ́kọ́ gba olùkọ́ wọn wọlé. Ọ̀nà mìíràn ni bí iṣẹ́ náà ṣe ń bá a lọ lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Síbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣàìní àríwísí. Èkíní dá lórí èdè. Kí Foster tó dé, àwọn adití Áfíríkà ti ní àmì ọwọ́ tiwọn ní ibi púpọ̀. Ní Adamorobe, abúlé kan ní Gánà tí adití ti pọ̀ láti ìran dé ìran, èdè afọwọ́sọ wà tí adití àti àwọn tí ó gbọ́ràn jọ ń sọ. Ní ilẹ̀ Hausa náà, èdè afọwọ́sọ tí wọ́n ń pè ní Maganar Hannu wà. Èdè tí Foster mú wá láti Amẹ́ríkà ni ó gba ipò ọlá ní ilé-ẹ̀kọ́, àwọn èdè ilẹ̀ wọ̀nyí sì dẹni ẹ̀yìn. Àwọn onímọ̀ èdè ń gbìyànjú báyìí láti ṣàkọsílẹ̀ wọn kí wọ́n tó parẹ́. Àbájáde mìíràn ni pé ọmọ adití ní ilẹ̀ Yorùbá sábà máa ń kọ́ èdè afọwọ́sọ tí ó so mọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ ń sọ Yorùbá nílé. Bí ẹnikẹ́ni kò bá kọ́ òbí náà ní èdè ọmọ rẹ̀, ọmọ náà yóò máa padà sí ilé tí kò ti sí ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀ ní àkókò ìsinmi.

Èkejì dá lórí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó dá dúró fún adití nìkan. Ní ọdún 1994, ìpàdé àgbáyé tí ó wáyé ní Salamanca, ní Sípéènì, rọ àwọn ìjọba láti jẹ́ kí ọmọ tí ó ní ìpèníjà àti ọmọ tí kò ní jọ máa kàwé pọ̀. Èrò yìí dára fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Ṣùgbọ́n ti adití ní ọ̀rọ̀ nínú. Bí wọ́n bá fi adití kan ṣoṣo sí àárín àwọn ọmọ tí ó gbọ́ràn, tí kò sí olùkọ́ tí ó mọ èdè afọwọ́sọ tàbí ògbufọ̀, ó wà nínú kíláàsì náà ni, kò sí nínú ẹ̀kọ́. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn tí ó ní ìpèníjà, ti ọdún 2006, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí pátápátá ní ọdún 2010, sọ ọ́ ní abala rẹ̀ kẹrìnlélógún pé kí àwọn ìjọba mú kí kíkọ́ èdè afọwọ́sọ rọrùn, kí wọ́n sì gba àwọn olùkọ́ tí ó gbọ́ èdè náà síṣẹ́, títí kan àwọn olùkọ́ tí àwọn fúnra wọn ní ìpèníjà. Foster ti ń ṣe méjèèjì láti ọdún 1957.

Ẹ̀kẹta ni pé iṣẹ́ ẹ̀sìn Kristẹni àti iṣẹ́ ẹ̀kọ́ wà pọ̀ nínú àjọ rẹ̀. Kò fi èyí pamọ́, nítorí pé míṣọ́nárì ni ó pe ara rẹ̀.

## Ikú rẹ̀

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1987, Foster wọ ọkọ̀ òfurufú kékeré kan ní Rùwáńdà, ó ń lọ sí Kẹ́ńyà. Ọkọ̀ náà já lulẹ̀ ní Rùwáńdà, ó sì bá ìjàm̀bá náà lọ. Ọmọ ọdún 62 ni.

## Ohun tí ó fi sílẹ̀

Gallaudet fún Foster ní oyè ọ̀mọ̀wé ìdánilọ́lá ní ọdún 1970. Ní ọdún 2004, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ gbọ̀ngàn ńlá kan níbẹ̀. Àjọ tí ó dá sílẹ̀ ń bá iṣẹ́ lọ lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, ètò ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè tí ó jáde ní ọdún 1977 fi ẹ̀kọ́ àwọn tí ó ní ìpèníjà sínú iṣẹ́ ìjọba. Ní ọdún yìí kan náà ni ìjọba àpapọ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ ní ìlú Ọ̀yọ́ láti máa kọ́ àwọn olùkọ́ tí yóò kọ́ adití, afọ́jú àti àwọn mìíràn tí ó ní ìpèníjà. Òun ni a mọ̀ sí Federal College of Education (Special), Ọ̀yọ́. Ní oṣù Kínní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tí ó ka yíya ènìyàn sọ́tọ̀ nítorí ìpèníjà rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ sì wà nínú rẹ̀.

Èdè afọwọ́sọ tí ọ̀pọ̀ adití ń lò ní Nàìjíríà àti ní Gánà lónìí ṣì ní àmì tí Foster mú wá láti Gallaudet nínú. Nígbà tí ògbufọ̀ bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníwàásù nínú ìjọ, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń sọ gba kíláàsì ayálò tí ó wà ní Accra ní ọdún 1957 kọjá.